Àlejò Òkè Òkun àti Ọmọ Akirità: Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìyọ̀ǹda-Ara-Ẹni ní Àwọn Ọjà Òṣogbo

Àpò píọ́ wọ́tà kan, ẹyọ 20 ló ń wà nínú rẹ̀. Ìlàjì lítà lẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà lítà 10 ni àpò kan, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílò 10. Ọmọ tó bá da àpò kan sínú bàsíà, tó kó yìnyín lé e, tó gbé e karí ní Ọjà Ọba tó forí lé òríta Ọláìyá, ẹrù orí rẹ̀ ti ju kílò 10 lọ, yìnyín ọ̀hún sì ń yọ́ bó ṣe ń rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yìí sọ bàsíà kalẹ̀ kó wá jókòó kàwé fún wákàtí kan ààbọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé ta ni yóò bá òun ṣọ́ omi òun, àti pé bí omi náà bá gbóná, kí lòun fẹ́ wí fún ìyá òun nílé.

Ìbéèrè ọmọ yìí la fi ṣe òṣùwọ̀n níbí. Ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ kan ń tà fún àwọn tó wà lókè òkun: ẹ sanwó, ẹ wọkọ̀ òfurufú, ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà. A ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Orúkọ lè yí padà, ohun tó wà nínú ètò gan-an ni kí ẹ máa wò. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ Yorùbá tó wà ní London, Houston tàbí Toronto tó fẹ́ wá fi àsìkò rẹ̀ ṣe ilé lóore, òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bá irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ, àti ará Òṣogbo tó ń gba àwọn àlejò yìí sílé.

Ká ti sọ ibi tí a fẹ́ já sí. Ètò tó dáa jù ni èyí tí àlejò kò gba iwájú nínú rẹ̀. Olùkọ́ tó jẹ́ ará Òṣogbo ló ń kọ́ àwọn ọmọ, èdè Yorùbá ló fi ń kọ́ wọn, àkókò tí ọjà bá dẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Àlejò wà lẹ́yìn olùkọ́, ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí ọkàn olùkọ́ àti ti ọmọ balẹ̀. Ètò tó bá gbé àlejò sí iwájú pátákó lọ́jọ́ kejì tó dé, àlejò ni wọ́n ṣe é fún.

Aago ọjà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni àkókò tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ọjà ní aago tirẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni ti ẹ̀kọ, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Bí aago mẹ́sàn-án bá ti kọjá, àwọn tó ń jẹun kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ ti tán lọ́nà. Omi tútù ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà gidi nígbà tí oòrùn bá ti dé àtàrí, láti nǹkan bí aago méjìlá títí di aago mẹ́rin, pàápàá níbi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló ń ra ẹ̀pà, àgbàdo àti búrẹ́dì. Àlàfo tó wà láàárín aago mẹ́wàá àti aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kì í lọ sílé-ìwé rárá lè fi jókòó láìsí pé ọjà wọn bàjẹ́.

Ohun tí a sábà máa ń rí nínú ìwé ìpolówó àwọn ètò yìí ni kíláàsì aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti jẹun tán. Wákàtí yẹn gan-an ni omi ń tà jù. Ọmọ tó máa wá nígbà yẹn ni ọmọ tí ọjà rẹ̀ kò tà lọ́jọ́ náà. Èyí tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù, tí wọ́n ń retí owó rẹ̀ nílé, kò ní yọjú. Àwọn tó ṣètò á wá sọ pé àwọn òbí kò fẹ́ ìwé.

Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé tí wọ́n sì ń kiri lẹ́yìn ilé-ìwé kò lè wá kí aago méjì tó kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń lọ sí ilé kéú nírọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Ètò tó mọ Òṣogbo á ti lọ bá àwọn aáfà ilé kéú sọ̀rọ̀ kó tó kọ àkókò sílẹ̀, kò sì ní fi kíláàsì sí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Bí ẹ ò bá rí ilé kéú kankan nínú àlàyé wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ibòmíràn ni wọ́n ti da ìwé yẹn kọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà dáadáa. Ètò tí wọ́n ṣe fún ìlú kan ní Bolivia, níbi tí òfin 2014 ti gba ọmọ ọdún 10 láyè láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó pa ìyẹn rẹ́ ní 2018, kò lè bá ibi tí òfin, ọjà àti ẹ̀sìn ti yàtọ̀ mu bí wọ́n bá kàn fi orúkọ Òṣogbo rọ́pò orúkọ ìlú náà.

Oṣù Kẹjọ ní ìṣòro tirẹ̀. Ìgbà náà ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, Igbó Ọ̀ṣun sì ti wà lórí àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO láti 2005, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti kó àlejò wá lásìkò yìí. Èrò pọ̀, ọjà ń tà, ọmọ akirità pọ̀ lójú títì ju ti ìgbà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé wà ní ìsinmi nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó kún kíláàsì á padà sílé-ìwé wọn lóṣù Kẹsàn-án, ohun tó dára ni. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé wọ́n á ka gbogbo wọn mọ́ àwọn tí ètò gbà lójú títì, ọmọ tí kò fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì rí láyé rẹ̀ á sì sọnù sáàárín wọn. Ẹ ní kí wọ́n pín iye ọmọ wọn sí mẹ́ta fún yín: ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé tó tún ń kiri, ọmọ tí kì í lọ rárá tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, àti ọmọ tí wọ́n mú wá láti ìlú mìíràn tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà fún. Ẹni kẹta yìí ló le jù láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ètò tí kò bá lè pín wọn kò tíì mọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Bàsíà, kúlà àti owó inú àpòòwé

Ibí yìí ni a ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ètò ti ń dúró tàbí kó wó, kì í sì í sí nínú ìwé ìpolówó.

Fún ọmọ 25, ohun tó nílò kò pọ̀: tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, pákó àtẹ tó ní àyè 25, kúlà ńlá méjì, ibòji tó dára fún ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́, káàdì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ní méjì-méjì, àpòòwé kéékèèké, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Bí ọmọ bá dé, wọ́n á bá a sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á jọ ka ọjà rẹ̀ sókè ketekete, ọmọ náà gan-an ni yóò máa kà. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀: omi 13, owó ₦350. Omi á wọ kúlà, kì í ṣe inú bàsíà ló máa wà. Owó á wọ àpòòwé, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, ọmọ á fi àmì tirẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Káàdì kan á lọ sórí bàsíà, èkejì á lọ sí ọrùn tàbí ọwọ́ ọmọ. Nígbà tí kíláàsì bá parí, ìkàyé kan náà ni, ojú ọmọ ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àgbàlagbà méjì ló gbọdọ̀ wà nídìí tábìlì yìí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ kò le láti mọ̀. Káàdì lè ṣì, kí ẹlẹ́pà gbé ẹ̀pà ẹlòmíràn. Omi méjì lè bẹ́ nínú kúlà. ₦50 lè dín. Bí ₦50 bá dín, tí ọmọ délé tó ní ibi kíláàsì ló ti sọnù, wọ́n lè nà án fún olè, kò sì ní padà wá mọ́. Àwọn ìyá mẹ́ta tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nídìí àtẹ wọn kò ní fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ètò tó mọ iṣẹ́ máa ń fi owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí àríyànjiyàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wádìí.

Ibi tábìlì yìí ni àlejò ti wúlò jù lọ, a sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kò nílò èdè púpọ̀ láti ka omi, láti kọ nọ́ńbà, láti ṣọ́ kúlà, láti rí i pé yìnyín tó. Ọmọ á mọ̀ ọ́n, á fọkàn tán an, olùkọ́ kò sì ní máa fi ojú kan wo pátákó kó fi èkejì wo bàsíà. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé irú iṣẹ́ yìí kéré jù fún ẹni tó sanwó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ kọjá lọ.

Àlejò kan lè ní òun á kúkú ra gbogbo omi inú bàsíà náà kí ọmọ lè ráyè kàwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kìlọ̀ fún un kó tó dé. Bí omi bá tán láago mẹ́wàá, ìyá á tún bàsíà kún láago mẹ́wàá ààbọ̀, torí ó ti rí i pé ọmọ òun mọ ọjà tà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò rẹ̀ náà ti gbé tirẹ̀ karí. Bẹ́ẹ̀ náà ni súwíìtì, owó àti bàtà tí wọ́n ń pín lójú ọjà: ó ń fa ọmọ kúrò nílé-ìwé wá sí ibi tí òyìnbó wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní

Ọ̀pọ̀ ètò ló ń polówó pé àlejò á wá kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbi kíkọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé láti ka nǹkan, èyí ló yẹpẹrẹ jù lójú wa. Ọmọ á kọ orin Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, fídíò rẹ̀ á dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ní lè ka orúkọ ara rẹ̀. Èdè tó ń gbọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kò jìnnà sí Òṣogbo, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò rẹ̀yìn. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ wa.

Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi pépà kan hàn án: lẹ́tà wà lókè, ọ̀rọ̀ kéékèèké tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kan, lẹ́yìn náà ìtàn kúkúrú. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọmọ kan. Ọ̀nà yìí, tí ẹgbẹ́ Pratham ní India sọ di mímọ̀ káàkiri, kì í wo ọjọ́ orí. Ohun tó lè ṣòro níbẹ̀ ni pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá lè bá ara rẹ̀ lórí ẹní kan náà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ojú tì í, kó má wá mọ́. Olùkọ́ tó gbọ́n á fún un níṣẹ́ àgbà: òun ni yóò máa pín ìwé, òun ni yóò máa darí ìkàyé nídìí tábìlì. Ọmọ 12 sí 15 fún olùkọ́ kan ló dáa. Bó bá ti di 30, ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ni yóò máa dáhùn.

Ìwé kíkà lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpolówó ọjà ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo “omi tútù”. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, síbẹ̀ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Yorùbá wà nínú rẹ̀: “omi” kò ní àmì kankan, ohùn àárín ni; “tú” gbé àmì òkè, “tù” gbé àmì ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ti ń ké e láti àárọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé ohùn ń lọ sókè ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Olùkọ́ á kọ ọ́ sórí káàdì mẹ́rin, o, mi, tú, tù, wọ́n á máa tò ó, wọ́n á máa tú u. Láti ibẹ̀, “mi” á di “mu”, “mu” á di “mú”. Ẹlẹ́kọ á ní káàdì tirẹ̀, ẹlẹ́pà á ní tirẹ̀. Àlejò lè gé káàdì yìí, kó kọ ọ́ dáadáa, kó sì fi àmì ohùn sí i bí olùkọ́ bá ṣe kọ́ ọ. Bí àmì bá ṣì, káàdì náà ti bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n tún un kọ.

Ní ti ìṣirò, ọmọ ọjà ti mọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ ra omi méje lọ́wọ́ rẹ̀ ní àádọ́ta náírà lẹyọ kan, ẹ fún un ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò ní ronú kó tó fún yín ní àádọ́jọ padà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ 500 − 350 sórí pátákó, ó lè dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á ní ọmọ yìí kò mọ ìṣirò. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n to omi méje sórí ẹní, kí wọ́n fi owó sílẹ̀, kí ọmọ ṣe é lọ́wọ́, kí olùkọ́ sì máa kọ ohun tí ọmọ ń ṣe sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ti mọ ìyẹn, wọ́n á lọ sórí èrè. Ká ní wọ́n ra àpò kan ní ₦400, wọ́n ta ẹyọ 20 ní ₦50 lọ́kọ̀ọ̀kan: ₦1,000 ló wọlé, èrè ₦600. Bí mẹ́ta bá bẹ́ ńkọ́? Ẹyọ 17 ló kù, ₦850 ló wọlé, èrè ₦450. Bí yìnyín bá tún jẹ́ ₦100, ó ku ₦350. Ọmọ tó bá lè kọ èyí sílẹ̀ ti ń ṣe àròpọ̀, àyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ láìmọ̀ pé orúkọ wọn nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà

Kò sí ètò kankan tó lè dúró nínú ọjà láìsí àṣẹ Ìyálọ́jà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àwọn olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Olùkọ́ ará ìlú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, àlejò á tẹ̀ lé e. Kó ti mọ ìkíni kó tó dé: “Ẹ kú ọjà o”, “Ajé á wọgbá o”, “Ẹ kú ìkàlẹ̀”. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣe yẹ, kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan tàbí fún èèyàn ní nǹkan. Fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sókè òkun, èyí lè rọrùn, ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé àwọn ni irú iṣẹ́ yìí bá lára mu jù. Ìyá tó bá gbọ́ “ẹ kú ọjà, mà” lẹ́nu ọmọ tó ti London wá á fẹ́ mọ ọmọ ta ni.

Ibi kíláàsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìdí àtẹ ìyá débi pé bó bá pe ọmọ rẹ̀, ọmọ á gbọ́. Gbọ̀ngàn tó rẹwà tó wà ní òpópónà kẹta kò wúlò tó ibòji páànù tó wà nínú ọjà.

Fọ́tò ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Láìsí àṣẹ òbí lákọsílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ya ọmọ. Kò tún sí ìdí kankan tí ojú, orúkọ àti ibi tí ọmọ ń dúró sí láti tajà fi gbọdọ̀ wà lórí Facebook pa pọ̀. Ẹni tó ń wá ọmọdé láti ṣe é níbi lè rí i.

Ààbò ọmọ

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, abala 30 rẹ̀ sì dẹ́bi fún lílo ọmọdé láti kiri ọjà lójú títì ńlá. Òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Òfin wà, ebi náà sì wà, àárín àwọn méjèèjì ni ètò yìí ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ àlejò láti gba igbá lórí ọmọ tàbí láti bá ìyá rẹ̀ jà. Bó bá rí ọgbẹ́ tí kò yé e lára ọmọ, tàbí tó gbọ́ pé wọ́n ń fipá mú ọmọ tí wọ́n mú wá láti ìlú mìíràn ṣiṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà tí yóò lọ sọ ọ́ fún, kí ẹni yẹn sì mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àti NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ títa èèyàn. Ẹ bèèrè orúkọ oyè ẹni yẹn kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún wo bóyá àwọn náà bèèrè ìwé lọ́wọ́ yín. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, tí kò pe ẹni méjì tó mọ̀ yín, á gba ẹnikẹ́ni wọlé tọ àwọn ọmọ wa. Fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní International Child Protection Certificate. Kì í ṣe àṣejù bí wọ́n bá ní kí ẹ mú un wá. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó, ìbáà jẹ́ àlejò tàbí olùkọ́.

Bí ilé-iṣẹ́ kan náà bá tún ń kó àlejò lọ ṣeré ní ilé ọmọ aláìlóbìí, a kò lè fọwọ́ sí i. Ní 2019, Àpéjọ Gbogbogbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti wá nǹkan ṣe sí ewu tó wà nínú irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn kan ń kó ọmọ tó lóbìí sí irú ilé yìí nítorí owó àlejò.

Ìmúrasílẹ̀

Ní ti ìrìn àjò, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe é dáadáa, a ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ mú yellow card, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dání wá sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń lo atovaquone-proguanil fún ibà ẹ̀fọn á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó dé, á máa lò ó lójoojúmọ́, á sì fi ọjọ́ 7 kún un lẹ́yìn tó bá lọ. Ti doxycycline, ọ̀sẹ̀ 4 gbáko ni lẹ́yìn ìrìn àjò. Àwọn tó ń jáwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n délé ni ibà ń mú. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín yan èyí tó bá yín mu. Ní ti físà, ẹ ní kí wọ́n kọ irú èyí tó bá iṣẹ́ náà mu sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ní “ẹ ṣáà sọ pé ẹ wá wo ìlú” ń kó yín sí wàhálà.

Iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà

Ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ má rà á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sórí ooru, oúnjẹ àti mímọ orúkọ àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì lọ sórí ìdágbére. Ọmọ tó ti rí àlejò mẹ́fà tó wá tó sì lọ láàárín oṣù mẹ́ta ti kọ́ pé kò sí ẹni tó ń dúró, ìyẹn sì ń hàn nínú bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí bó ṣe ń sá fún gbogbo ènìyàn.

Oṣù kan: ó ṣeé gbà bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ kan pàtó lẹ fẹ́ wá ṣe, tí ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ àwọn ọmọ. Bí àpẹẹrẹ, káfíńtà tó fẹ́ kan àtẹ àti àga, tàbí ẹni tó mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ tó fẹ́ tún ìwé iye ọmọ ṣe kí olùkọ́ lè máa lò ó lọ.

Oṣù mẹ́ta: òun la fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wíwò nìkan. Láti ọ̀sẹ̀ kejì dé ìkẹwàá, ìdí tábìlì, káàdì, kúlà, àti jíjókòó ti ọmọ kan tàbí méjì tó ń kàwé lójú olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, àlejò á máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹni tó wà nílé lọ́wọ́. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni a fẹ́ràn jù: ilé-ìwé ti wọlé, nítorí náà ọmọ tí ẹ bá rí lójà láago mẹ́wàá àárọ̀ ni ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé, òjò náà sì ń dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. Lásìkò òjò, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, kíláàsì á ṣófo.

Ọjọ́ tí àlejò bá dé ni kí wọ́n ti sọ ọjọ́ tó máa lọ fún àwọn ọmọ. Kò gbọdọ̀ ṣèlérí pé òun á mú ẹnikẹ́ni lọ sókè òkun, kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bó bá ní owó tó fẹ́ fi sílẹ̀, kó bá ètò náà sọ ọ́: owó aṣọ ilé-ìwé àti ìwé ìkọ̀wé fún ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé ìjọba, tàbí kí wọ́n fi kún owó òwò ìyá nípasẹ̀ àjọ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dá. Bí èrè ìyá bá fi tó iye tí ọmọ ń mú wálé, ọmọ lè sọ bàsíà kalẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láìsí ẹni tó máa bínú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ náà fún yín ní nọ́ńbà olùkọ́ tó wà ní Òṣogbo. Ẹ má bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀, olùkọ́ ni kí ẹ pè, kí ẹ sì bá a sọ Yorùbá. Ẹ bi í pé ta ló ń san owó oṣù rẹ̀ lóṣù tí àlejò kankan kò sí, ọmọ mélòó ló kàwé láàárọ̀ yìí, àti ta ló ra yìnyín.